Bí Àwọ̀n Ṣe Ń Ṣí Lójú Afẹ́fẹ́, àti Ìdí Tí Òjé Kò Fi Yẹ Lẹ́nu Apẹja

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ju àwọ̀n ní Ìwòpin, ńṣe ló bọ́ sómi gbì bí ìdì aṣọ tó já lórí alágbàfọ̀. Àwọn ọmọdé tó wà ní èbúté rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá tó ń kọ́ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àwọ̀n náà wálé, ó tú ewé tó há sí i, ó ní, "O fi agbára jù ú. Àwọ̀n kì í ṣe òkò." Mo jù ú títí oòrùn fi mú, tí apá ń ro mí. Ẹja kan ṣoṣo ni mo mú, epìyà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: Ìwòpin wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, létí ọ̀sà Lẹ́kí. Àwa tá a dàgbà sí Ìjẹ̀bú-Òde a máa ṣe bí ẹni pé a ò ní omi kankan ju Yemoji lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sà ló wà ní gbogbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa, láti Ẹ̀pẹ́ dé Èjìnrìn dé Ìwòpin, odò Ọ̀ṣun pàápàá ibẹ̀ ló ń ṣàn lọ. Púpọ̀ nínú ẹja tá à ń fi se ìkọ́kọrẹ́, omi yẹn la ti ń kó o. Mo lọ síbẹ̀ nítorí mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Mo kọ́ nǹkan méjì, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ méjèèjì, nítorí èkejì lè ṣe èèyàn ní ibi.

Oríṣiríṣi àwọ̀n ló wà. Èyí tí mò ń sọ ni àwọ̀n jíjù, tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá jù láti etí omi tàbí látinú ọkọ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó rí róbótó bí òṣùpá àrànmọ́jú. Okùn gígùn kan wà ní àárín rẹ̀, òjé kéékèèké ni wọ́n sì so yí ìṣẹ́tí rẹ̀ ká. Bó bá balẹ̀ sórí omi ní ṣíṣí, òjé á fa ìṣẹ́tí náà lọ sísàlẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja tó wà lábẹ́ rẹ̀ á rí i pé òrùlé ti dé bo òun lórí. Apẹja á wá máa fa okùn díẹ̀díẹ̀, òjé á máa wọ́ nílẹ̀ súnmọ́ ara wọn títí ẹnu àwọ̀n á fi pa dé.

Nítorí náà, kó ṣí ni gbogbo iṣẹ́. Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní láti àárín àwọ̀n dé ìṣẹ́tí rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Bó bá ṣí tán, fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì á jẹ́ mítà 4, á sì bo nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 12.6. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 2 péré, ẹni tí kò rò ó dáadáa á ní ìdajì lòun pàdánù. Rárá o. Nǹkan bíi 3.1 ló kù, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọ̀n tèmi lọ́jọ́ yẹn ò tiẹ̀ ṣí tó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kí ló ń ṣí i? Èmi rò pé afẹ́fẹ́ ni. Àwọn tí mo bi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í ṣí i, kódà ńṣe ló ń dí i lọ́wọ́. Yíyí ló ń ṣí i.

Ẹ rántí Ojúde Ọba. Bí ọ̀kan nínú àwọn régberégbe bá jó dé iwájú, tó sì yí pooyì nínú agbádá rẹ̀, aṣọ náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn lára mọ́, ńṣe ló ń fẹ̀ bí agboòrùn. Kò sẹ́ni tó ń fà á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ wà nínú òfin tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní 1687, pé ohun tó bá ti ń rìn á fẹ́ máa bá ọ̀nà tààrà rẹ̀ lọ, àfi bí nǹkan mìíràn bá yí i padà. Òkúta inú kànnàkànnà ń yí nítorí pé okùn ń fà á. Gbàrà tí ẹ bá tú u sílẹ̀, kì í yí mọ́, tààrà ló ń lọ. Òjé kọ̀ọ̀kan tó wà ní ìṣẹ́tí àwọ̀n, òkúta kànnàkànnà ni. Bí ọwọ́ bá ti tú u sílẹ̀, kálukú á fẹ́ gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kálukú á sì máa jìnnà sí àárín. Okùn àwọ̀n nìkan ló ń sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìgbà tí gbogbo òjé bá na okùn tán, àwọ̀n ti ṣí nìyẹn.

Ohun tí kò tètè yé mi ni pé yíyí náà ń dínkù bí àwọ̀n ṣe ń fẹ̀. Bí òjé bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí àárín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yíyí rẹ̀ á rẹlẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ lè dán an wò lórí àga ọ́fíìsì tó ń yí: ẹ mú ìgò omi kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ méjèèjì, ẹ ká apá mọ́ àyà, kẹ́nì kan yí yín, kẹ́ ẹ wá na apá. Àga á fà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. (Ẹ má ṣe é nítòsí tábìlì. Mo ti fi orúnkún mi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.) Ohun tí èyí ń sọ fún apẹja ni pé kò sí ibi tí àwọ̀n ti máa rí ìyípo tuntun lójú òfurufú. Gbogbo èyí tó máa lò, ara yín ló gbọ́dọ̀ ti gbà kó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tì í síwájú, kó tó wá rántí pé òun ní láti yí i, ó ti pẹ́ jù.

Àkókò náà kéré púpọ̀. Ohun tó bá já bọ́ láti ibi gíga tó mítà 1.25, ìyẹn bí ibi àyà, kì í lò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó dé omi. Bí ẹ bá ju àwọ̀n ní tààrà láti ibẹ̀, òjé gbọ́dọ̀ sá mítà 2 láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìyẹn ni pé iyára rẹ̀ á tó mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń tú u, tó sì kọ́kọ́ lọ sókè ní 45 sẹ̀ǹtímítà kó tó máa bọ̀, àkókò rẹ̀ á di nǹkan bíi 0.9 ìṣẹ́jú àáyá. Iyára tí òjé nílò á wá wálẹ̀ sí mítà 2.2. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì agbára tẹ́ ẹ máa fi yí ara tẹ́ ẹ ti dín kù, 45 sẹ̀ǹtímítà péré ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí bàbá arúgbó tí apá rẹ̀ tín-ín-rín fi ń ju àwọ̀n tó ṣí gbàgàdà, tí géńdé sì ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀. Géńdé ń jù ú sísàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lu omi.

Bí mo ṣe ń jù ú nísinsìnyí nìyí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń lò. Alọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà. Mo fi ojú okùn kọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, mo ká okùn náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì kó ara àwọ̀n jọ sí ọwọ́ kan náà títí ìṣẹ́tí fi rọ̀ dé orúnkún mi. Mo mú apá kan ìṣẹ́tí náà, mo gbé e kọ́ ìgbọ̀nwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, mo pín èyí tó ṣì ń rọ̀ sí méjì, mo fi ọwọ́ ọ̀tún kó ìdajì. Mo yí ìbàdí àti èjìká sí òsì láì gbé ẹsẹ̀, mo wá yí padà sí ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo ara, kì í ṣe apá nìkan. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń tú, ó ń lọ gbọọrọ ní ìbú bí ẹni tó ń ju àwo pẹrẹsẹ. Ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀lé e wéré, ọwọ́ òsì náà ṣí, okùn nìkan ló kù. Bó bá ṣí sí apá kan ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pípín mi ò dọ́gba, tàbí kí ọwọ́ kan pẹ́ kó tó tú. Orí pápá bọ́ọ̀lù ni mo ti kọ́ ọ kí n tó padà sí omi. Ẹ̀dá kò pọ̀ níbẹ̀ tó máa fi yín ṣẹ̀sín, ẹ sì lè wo ojú ibi tí òjé balẹ̀ sí lórí koríko.

Ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá yí ara sí ọ̀tún lórí ilẹ̀, ilẹ̀ á dúró. Nínú ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹ ṣe ń yí sí ọ̀tún ni ọkọ̀ á máa yí sí òsì lábẹ́ yín, bí àwọ̀n sì ṣe ń lọ síwájú ni ọkọ̀ á máa ta sẹ́yìn. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ la ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn di àjẹ̀ mú. Ẹ má wọ ẹ̀wù alábọ́tìnì, torí ojú àwọ̀n á kọ́ bọ́tìnì, òjé á sì fà yín lọ. Ojú okùn tó wà lọ́rùn ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè bọ́ bí àwọ̀n bá kọ́ kùkùté.

Bákan náà ni ti odò tóóró tó ń ṣàn wọ ọ̀sà, níbi tí ògùrọ̀ ti bo èèyàn lórí. Kò sáyè láti gbé ọwọ́ sókè. Àwọn apẹja òkè òkun tó ń fi kòkòrò àtọwọ́dá pẹja ní irú ìṣòro yìí. Kòkòrò yẹn fúyẹ́ jù láti jù, okùn wọn ló wúwo, nítorí náà okùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò sẹ́yìn kó tó fò síwájú. Bí igi bá wà lẹ́yìn wọn, wọ́n á lo èyí tí wọ́n ń pè ní roll cast: wọ́n á rọra fa okùn lójú omi títí díẹ̀ á fi rọ̀ kọ́lọ́ lẹ́yìn èjìká, ìyókù á sì lẹ̀ mọ́ omi. Omi á dì í mú, ọ̀pá á gbá a síwájú, okùn á máa tú lọ bí ẹní tí wọ́n ń tẹ́. Ẹni tó bá fi wàdùwàdù fa okùn yẹn, omi ò ní dì í mú, kò sì ní tú. Àwa ò ní ọ̀pá, omi ò sì lè bá wa di àwọ̀n mú, àmọ́ a lè kúnlẹ̀, ká dín àwọ̀n tá a kó dání kù, ká yí kíákíá ju ti gbangba lọ, nítorí pé àkókò tó máa lò lójú afẹ́fẹ́ ti kéré. Mò ń kùnà níbẹ̀ ju bí mo ṣe ń ṣe é ire lọ.

Ẹ ti lè kíyè sí i pé ìgbọ̀nwọ́ ni mo lò. Bàbá kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́tí àwọ̀n gbọ́dọ̀ wà ní ojú mẹ́ta kó tó lè ṣí dọ́gba, ọwọ́ èèyàn sì jẹ́ méjì. Ẹ̀kẹta tí bàbá ń lò láti kékeré ni eyín. Á gé òjé kan mọ́ ẹnu, á yí, á la ẹnu, àwọ̀n á lọ. Bí èmi náà ṣe kọ́kọ́ ń ṣe é nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo fi aṣọ ìnujú funfun nu ẹnu, ohun tí mo rí lára rẹ̀ dúdú bíi ti pẹ́ńsùlù. Òjé rọ̀ gan-an. Ohunkóhun tó bá fara kàn án ló ń kùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo bá wọn lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń rọ òjé tuntun. Òjé inú bátìrì mọ́tò tó ti kú ni wọ́n kó sínú agolo lórí ààrò, ọmọ ọmọ bàbá, tí kò tíì tó ilé ìwé, ló ń fẹ́ iná. Òjé ń yọ́ ní 327°C, iná igi lásán tó o. Orí ààrò yẹn náà ni wọ́n ti ń yan ẹja.

Òjé kò ní iṣẹ́ kankan nínú ara ènìyàn. Bó bá wọlé, ó ń wọ inú eegun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lára àgbà, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Lára ọmọdé, ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ibi tó sì bà jẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu, wọ́n sì sọ pé òjé tí ọmọdé bá gbé mì ń wọ ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ju ti àgbà lọ. Ní ilẹ̀ wa níbí la ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta láti yọ wúrà, òjé sì wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo agboolé. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú.

N ò sọ pé àwọ̀n jíjù á ṣe bíi ti Zamfara. Ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọgba rárá. Èyí tí eyín ń fà jáde lára òjé kéré. Ti ààrò ló burú jù, nítorí èéfín àti eruku rẹ̀ ń bà sílẹ̀, ọmọ tó ń rá á fọwọ́ kàn án, á sì fi ọwọ́ sẹ́nu. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rọ òjé, ẹ gbé e jìnnà sí ilé àti ibi ìdáná, ẹ lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ bọ́ aṣọ tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ. Dókítà lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ iye òjé tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá, ó wò mí, ó ní, "Ohun tí bàbá mi fi bọ́ mi lo ń pè ní májèlé." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú." Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó yẹ kó béèrè: kí la máa fi rọ́pò rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1987 ni òfin ò ti gbà kí wọ́n máa ta òjé ìpẹja tó wà láàárín gíráàmù 0.06 sí 28.35. Ẹyẹ omi funfun ńlá kan tí wọ́n ń pè ní swan ló fà á. Ó ń gbé òjé tó bọ́ sínú omi mì, ó sì ń kú. Wọ́n rí nǹkan mìíràn lò. Àwa náà ní irin. Ìbẹ̀rù àwọn apẹja ni pé irin fúyẹ́. Bí a bá mú ìwọ̀n kan náà ní títóbi, òótọ́ ni: òjé wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 11.3, irin sì jẹ́ nǹkan bíi 7.8. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tóbi dọ́gba. Kí ìwúwo dọ́gba la fẹ́. Omi máa ń gbé ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ró díẹ̀. Kílò kan òjé nínú omi á wúwo bíi gíráàmù 910, kílò kan irin á wúwo bíi 870. Gíráàmù 40 nìkan ló dín, bẹ́ẹ̀ kílò kan òkúta á já wálẹ̀ sí bíi 600. Lójú afẹ́fẹ́ sì rèé, níbi tí ṣíṣí ti ń ṣẹlẹ̀, kílò kan ni kílò kan, irin tàbí òjé. Ohun tá a máa san ni pé irin náà á fi nǹkan bí ìdajì tóbi ju òjé lọ, omi á sì dí i lọ́nà díẹ̀ sí i.

A dán an wò nínú dúrọ́ọ̀mù òjò. Bàbá di òjé mú lọ́wọ́ kan, ó di nọ́ọ̀tì irin tí ìwúwo wọn dọ́gba mú lọ́wọ́ kejì, ó jù wọ́n sílẹ̀ pọ̀. Òjé ló kọ́kọ́ kan ìsàlẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ìró méjèèjì tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí débi pé bàbá ní ká tún un ṣe, a sì tún un ṣe nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ló ránṣẹ́ sí oníirin ní ọjà.

Nọ́ọ̀tì kò dára tó, igun rẹ̀ ń kọ́ ojú àwọ̀n. Ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tá a so yí ìṣẹ́tí ká ló bá a lára mu. Àwọn apẹja ní Éṣíà ń lo irú rẹ̀, ó sì máa ń tẹ́ dáadáa lórí ilẹ̀ àbàtà. Ó wọ́n ju òjé bátìrì lọ, omi á sì mú kó dípẹtà. Bàbá ń fi omi tútù fọ̀ ọ́, ó ń fi epo díẹ̀ pa á, ó sì ń ṣàròyé ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣe é. Àwọ̀n méjì ló ní báyìí, ọ̀kan olójé, ọ̀kan oníṣéènì. Èyí oníṣéènì ló máa ń fún ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé lọ sétí omi. Ó ṣì ń fi eyín mú un, ó ní ìgbọ̀nwọ́ òun kì í ṣe ìkọ́ aṣọ.